Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọdẹ Tó Wọ Ibi Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ò Dé

Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí koríko ti ń gbẹ, ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Yàgbà, Ìjùmú àti Kàbbà-Bùnú. Ohun kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn lógún: ẹni tó ṣọdẹ dé ibi tí òpó fóònù kankan ò sí, báwo ló ṣe máa ránṣẹ́ sílé? A ṣa mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà.

Ọmọ mi tó wà lókè òkun fẹ́ ra ẹ̀rọ sátẹ́láìtì fún mi. Ó ní kí n mú ọ̀kan: fóònù Thuraya tí mo lè fi sọ̀rọ̀, tàbí inReach Mini 2 ti Garmin, tó jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló wù mí. Èwo ni kí n gbà? (Ọdẹ kan, Ìsánlú)

Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn, tí ẹ sì máa ń sùn sígbó, inReach la máa ní kẹ́ ẹ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn lẹ fẹ́ máa gbọ́.

Ìdí rẹ̀ rèé. Sátẹ́láìtì Thuraya tó ń bójú tó apá ọ̀dọ̀ wa dúró sójú kan lókè, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, ní òró 44° ìlà-oòrùn. Láti Ìsánlú tàbí Kàbbà, ìlà-oòrùn lẹ máa kọjú sí, kẹ́ ẹ yà díẹ̀ sí gúúsù, kẹ́ ẹ wá gbójú sókè ní nǹkan bí 45°, ìyẹn ìdajì ọ̀nà láti ẹsẹ̀ ọ̀run dé àtàrí. Bẹ́ ẹ bá na apá yín tán, tẹ́ ẹ di ìkúùkù, tẹ́ ẹ ń tò ó léra láti ẹsẹ̀ ọ̀run, ìkúùkù mẹ́rin ààbọ̀ ló máa gbé yín débẹ̀. Bí àpáta tàbí igi ńlá bá dí ojú ibẹ̀, àfi kẹ́ ẹ ṣí kúrò, torí sátẹ́láìtì yẹn ò ní rìn wá bá yín. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn àpáta ní apá ìwọ̀-oòrùn lè máa na eríàlì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Sátẹ́láìtì Iridium ni inReach ń lò ní tiẹ̀. Sátẹ́láìtì 66 ló ń yí ayé ká láti òpin àríwá dé òpin gúúsù, ní nǹkan bí 780 kìlómítà sókè, ìyípo kan sì ń gba nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú. Bí èyí bá ti ń wọ̀, òmíràn ń yọ. Ẹ wá ro ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nínú kòtò: kò lè dìde lọ wá ojú Thuraya kiri, ṣùgbọ́n Iridium á kọjá lórí rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ká fara mọ́ ọn nìyẹn.

Mini 2 wọn 100 gíráàmù. Bí ojú ọ̀run bá ṣí, tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, bátìrì rẹ̀ lè tó ọjọ́ 14. Lábẹ́ igi kì í tó bẹ́ẹ̀, torí ó ń tiraka. Ẹ mú páwà báǹkì 10,000 mAh kan dání, ó tó gbà á sílẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa ohùn rẹ̀ kó má baà ké lójú ẹran, kẹ́ ẹ sì dín iná ojú rẹ̀ kù, torí bó bá tàn lóru, ojú yín á ṣú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tí ìwé kíkọ nira fún lè jẹ́ kí ọmọ bá òun to ọ̀rọ̀ mẹ́ta sínú rẹ̀ sílẹ̀, bí i "Ara mi dá", "Mo máa pẹ́" àti "Ẹ wá pàdé mi". Ó kàn máa mú ọ̀kan, á sì lọ.

Kí ọmọ yín tó ra ẹ̀rọ, kó mọ̀ pé owó oṣooṣù wà lórí rẹ̀, dọ́là sì ni wọ́n ń gbà á. Káàdì náírà lè kọ̀, nítorí náà ó sàn kí káàdì tiẹ̀ máa sanwó. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ni kó wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà àwọn tó wà nítòsí yín, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, ni kó sì wà níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí ewu bá dé. Nọ́ńbà ẹni tó wà lókè òkun nìkan ò tó.

Mo ti ní inReach. Nínú igbó etí odò, ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ń yí ṣáá fún wákàtí kan. Mo débi oko gbangba, ó lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣé ó ti fẹ́ bàjẹ́ ni? (Olùkàwé kan, Ògìdì)

Kò bàjẹ́. Omi ló ń dí i lọ́wọ́. Ewé tútù kún fún omi, omi sì máa ń gbé irú ìgbì tí ẹ̀rọ yẹn ń lò mì. Igbó etí odò sì nìyí, níbi tí ewé ti máa ń tutù kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ lójú ọ̀run fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dí i, eruku ọyẹ́ ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ewé tó rin lẹ́yìn òjò ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ara yín náà, omi ni. Ẹni tó ki ẹ̀rọ sápò ṣòkòtò ti fi ìtan ara rẹ̀ dí ìdajì ọ̀run. Ẹ so ó mọ́ èjìká, tàbí kẹ́ ẹ fi lé orí àpò ọdẹ, kí eríàlì rẹ̀ kọjú sókè, kó má sì fara kan irin ìbọn, àdá tàbí bátìrì tọ́ọ̀ṣì orí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn sátẹ́láìtì Iridium máa ń pàdé ní òpin ayé méjèèjì, nítorí náà wọ́n pọ̀ gan-an lórí àwọn tó ń gbé ilẹ̀ yìnyín, wọ́n sì jìnnà síra wọn lórí àwa tó sún mọ́ agbedeméjì ayé. Níbí, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyọ kan péré ló máa ń wà lójú ọ̀run, ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀run ló gbà kọjá, lẹ́yìn igi. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sáré láti ibí dé ọ̀hún ní ìṣẹ́jú méjì méjì fi ń ṣe wàhálà lásán. Ẹ wá ibi kan tó ṣí, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú: oko tí wọ́n ti kórè, ilẹ̀ tí iná ti jó, tàbí orí àpáta pẹrẹsẹ, bí àrá ò bá ti máa sán. Bó bá jẹ́ àlàfo tóóró lẹ rí, èyí tó ṣí láti àríwá sí gúúsù ló dára, torí ọ̀nà tí sátẹ́láìtì náà ń gbà nìyẹn.

Ẹ má máa tún ọ̀rọ̀ kan náà rán. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, márààrún á tò síra, wọ́n á máa jẹ bátìrì, wọ́n á sì dé ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó á wá rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ má sì pa á títí ẹ ó fi rí àmì pé ó ti lọ. Bẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ gbé e sí àárín pápá bọ́ọ̀lù. Bí ò bá lọ níbẹ̀ láàárín 20 ìṣẹ́jú, ẹ yẹ owó oṣooṣù wò kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Ọkọ mi ló ń lọ sígbó, èmi ni mo ń jókòó ti fóònù. Bí àmì rẹ̀ lórí máàpù ò bá rìn mọ́, kí ni kí n ṣe? Bó bá sì kọ̀wé pé nǹkan ṣe òun ńkọ́? (Ìyálé ilé kan, Kàbbà)

Ìyá, ìbéèrè yín ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo lẹ́tà yìí, torí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ kì í sábà ronú nípa ẹni tó máa gbà á.

Àmì tí kò rìn kì í ṣe ewu fúnra rẹ̀. Ọdẹ lè wà lórí ègùn láti alẹ́ dé ìdájí, ó lè ti sùn, ó sì lè ti ki ẹ̀rọ sísàlẹ̀ àpò. Aago tí ẹ jọ fẹnu kò sí ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ bá a ṣàdéhùn kó tó jáde: "Ara mi dá" ní aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́. Bó bá fo ọ̀kan, ẹ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ dúró. Bó bá fo méjì léra, ẹ pe olórí ọdẹ, ẹ fún un ní ibi tí àmì ti wà kẹ́yìn àti aago tó débẹ̀. Ẹni tí ẹ máa pè yìí gbọ́dọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun lẹ máa pè.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó wà. Ọ̀nà kan ń kọ Kàbbà báyìí: 7.83, 6.07. Ọ̀nà kejì á kọ ọ́ ní 7°50′, 6°04′. Ibi kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ka 7°50′ bí 7.50, ó ti fi nǹkan bí 37 kìlómítà sọnù sí gúúsù. Àwọn tó ń wá ọkọ yín á bá ara wọn létí ààlà ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ẹ ní kí wọ́n ṣètò ẹ̀rọ náà sí ti onídẹ́símà, ìyẹn ti àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ òun nìkan ni gbogbo yín á máa lò. Ẹ máa fi í ṣọwọ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, kì í ṣe lẹ́nu. Kí ẹni tó ń lọ wá a sì ti gba máàpù agbègbè náà sórí fóònù kó tó kúrò nílé, torí níbi tó ń lọ kò ní rí dátà.

Kí òun náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé pàjáwìrì: ohun tó ṣẹlẹ̀, aago, bóyá ó lè rìn, iye ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, ohun tó nílò. "Ejo bu mi lese osi 6:40. Mi o le rin. Emi nikan. E mu okada 2 ati omi wa." Ẹ rí i pé kò sí àmì ohùn níbẹ̀, àmì máa ń jẹ àyè nínú àtẹ̀jíṣẹ́, 160 lẹ́tà péré sì ni àyè ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ejò, kó má sin gbẹ́rẹ́ sí i, kó má fi okùn dì í pinpin, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn láti mọ èyí tó ní abẹ́rẹ́ ejò nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀.

Bó bá tẹ SOS, ìyẹn bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáhùn ní Amẹ́ríkà ló ń lọ. Wọ́n á kọ̀wé sí i, wọ́n á sì pe nọ́ńbà yín. Nítorí náà, bí ọkọ bá wà nígbó, ẹ má ṣe já ìpè tó bá fi nọ́ńbà òkèèrè wọlé, ẹ má rò pé gbájúẹ̀ ni. Èdè òyìnbó ni wọ́n máa sọ. Bó bá nira, ẹ ti yan ọmọ tó máa gbà á sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tó kù: ẹ má ṣe fi líǹkì tó ń fi ibi tí ọkọ yín wà hàn sí ẹgbẹ́ WhatsApp kankan, ìbáà jẹ́ ti ìdílé. Ẹ mọ bí ìgbà ṣe rí.

Wọ́n ní iPhone tuntun ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ṣé kò tó? (Ọ̀dọ́ kan, Ẹ̀gbẹ̀)

Lóòótọ́ ni, láti orí iPhone 14. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Apple ṣí SOS yẹn sílẹ̀ fún nígbà tí à ń kọ èyí. Ẹ má gbára lé e.

Ẹgbẹ́ wa ní àgọ́ kan tí a máa ń dó sí. Ṣé a lè fi bátìrì ọ̀kadà gbé Starlink Mini, ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì sátẹ́láìtì kékeré yẹn, níbẹ̀? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Mọ̀pà)

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kò ní pẹ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Starlink ti wà ní Nàìjíríà. Mini fúnra rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí wáàtì 25 sí 40. Bátìrì ọ̀kadà 12 fóltì, 7 Ah, wáàtì 84 fún wákàtí kan ló wà nínú rẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fà á ju ìdajì lọ, kó má baà kú. Wákàtí kan àti díẹ̀ lẹ máa rí. Ó tó kí gbogbo àgọ́ fi pe ilé lálẹ́, kẹ́ ẹ sì pa á.

Ohun tó máa yọ yín lẹ́nu ni pé fóltì 12 ni ìsàlẹ̀ ohun tó ń gbà. Bí waya bá tín-ínrín tàbí tó gùn, fóltì á ti jábọ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á máa kú, á máa jí. Ẹ lo waya tó nípọn, tí kò ju mítà méjì lọ, tàbí kẹ́ ẹ ra páwà báǹkì tó ń gbé 100 wáàtì jáde ní 20 fóltì láti ojú USB-C. Ti Starlink yàtọ̀ sí ti inReach o: òjò ńlá ń dí i, ẹ̀ka igi kan ṣoṣo sì tó láti máa já a. Kì í ṣe ohun tí ọdẹ ń gbé kọ́rùn. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ igbó láti àgọ́ ṣì ní tiẹ̀ lọ́wọ́.

Mo rí ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan rà lọ́wọ́ oní-tòkunbọ̀, wọ́n ní PLB ni, kò ní owó oṣooṣù. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ nínú igbó wa? (Ọdẹ kan, Ìyàrà)

PLB ni ẹ̀rọ tí ẹnì kan ń gbé dání láti fi ké fún ìrànlọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ti 406 MHz ni lóòótọ́, ó lè ṣiṣẹ́. Ìgbàlà nìkan ló wà fún. Kò lè gba èsì, kò lè sọ pé "mo máa pẹ́". Bẹ́ ẹ bá ṣí i, á máa ké sí sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ètò ìgbàlà àgbáyé, ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú-àáyá sí ara wọn, fún wákàtí 24 ó kéré tán. NEMA ló ń bójú tó ibùdó tó ń gba ìké náà ní Àbújá.

Ìṣòro tòkunbọ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ti wà nínú nọ́ńbà lẹ́tà 15 tó wà lára rẹ̀. 657 ni ti Nàìjíríà, 232 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ti Gẹ̀ẹ́sì bá ni, orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa rí nínú ìwé, òun ni wọ́n sì máa pè, nígbà tí ẹ̀yin wà nínú igbó Bùnú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní irinṣẹ́ láti yí nọ́ńbà náà sí ti Nàìjíríà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEMA. Ẹ wo ọjọ́ tí bátìrì máa kú lára rẹ̀ pẹ̀lú; bó bá ti kọjá, owó bátìrì tuntun lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tẹ́ ẹ fi rà á. Ẹ má sì ṣí eríàlì rẹ̀ láti fi dán an wò. Bọ́tìnnì ìdánwò wà lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná kékeré tó bá tàn níbẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀.