Ìbéèrè Yín: Gbogbo Ihò Àwo Àyẹ̀wò Di Yẹ́lò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fi kíìtì ELISA (àyẹ̀wò tó ń fi àwọ̀ sọ èsì) wo áńtíbọ́dì ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti bá àrùn náà jà, fún wa. Gbogbo ihò ló di yẹ́lò, títí kan èyí tí wọ́n bu ẹ̀jẹ̀ aláìlárùn inú kíìtì sí. Ṣé gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ wa ti kó o ni? (Àgbẹ̀ kan, Kábà)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pa ìkankan. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé inú páálí: kíìtì kan wà tó jẹ́ pé ihò tí kò yí àwọ̀ gan-an ló ní áńtíbọ́dì. Tí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí àwọ̀ ń fi áńtíbọ́dì hàn, tí ihò aláìlárùn sì yí, èsì yẹn kò ṣe é kà.

Fífọ̀ ni mo fura sí. Nǹkan bíi 300 microlita omi ìfọ̀ ló ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan, iye ìgbà tí ìwé bá sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú àwo délẹ̀, kí ẹ gbá a mọ́ pépà gbígbẹ títí tí kò fi ní kán mọ́. Conjugate (omi kíìtì tó ń mú kí àwọ̀ yí) tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ni yóò sọ TMB, omi aláwọ̀ inú kíìtì, di búlúù. Ásíìdì tí a fi ń dá ìyípadà àwọ̀ dúró á wá sọ ọ́ di yẹ́lò.

Iná tó ń lọ, tí fíríìjì tí kíìtì wà kò fi tutù, ńkọ́? Ìyẹn máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ṣá ni, kì í sọ gbogbo ihò di yẹ́lò.

Ẹlẹ́dẹ̀ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè kú kí áńtíbọ́dì tó yọ, nítorí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. PCR, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀, ni kí ẹ ṣe fún irú wọn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ inú ìgò EDTA (ìgò tó ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì).