Kí ló dé tí clue crossword inú ìwé ìròyìn fi ń há mi lọ́rùn, tó sì jẹ́ pé mo gbọ́ òyìnbó dáadáa?

Gbígbọ́ òyìnbó nìkan ò tó o, àwọn tó ń ṣètò crossword, ìyẹn eré fífi lẹ́tà kún àpótí, ní òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí clue, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìdáhùn, bá ṣe rí ni ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ ṣe rí: tó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, bíi "Went fast", ìdáhùn ẹ̀ á jẹ́ SPED, kò lè jẹ́ SPEED láé, tó bá sì jẹ́ ọ̀pọ̀, S ló sábà máa ń wà ní ìparí, torí náà fi pẹ́ńsù kọ S yẹn síbẹ̀ ná kó o tó mọ ìyókù. Tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ kúrú nínú clue, wọ́n gé ìdáhùn náà kúrú nìyẹn.

Èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró jù ni àmì ìbéèrè. Tó o bá rí i níparí clue, wọ́n ń fọ̀rọ̀ ṣeré ni, "Flower?" lè máà jẹ́ òdòdó rárá, ó lè jẹ́ NILE, torí odò ló ń ṣàn, ohun tó bá sì ń "flow", "flower" náà nìyẹn. Èmi fẹ́ràn irú ẹ̀ gan-an!

Àwọn clue tó ní àlàfo tí wàá fi ọ̀rọ̀ dí ni kó o kọ́kọ́ ṣe, wọ́n rọrùn. Tó bá jẹ́ ti New York Times, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, ti Monday ló rọrùn jù, Saturday ló le jù, Sunday kàn tóbi ni, torí náà Monday ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.