Fún àbúrò tó fẹ́ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé àṣà ní Kútọnu

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí ilé ìwé girama, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin lò ń gbé, o fẹ́ wáṣẹ́ lọ sí Èkó, wọ́n wá sọ fún ọ pé ilé àṣà (centre culturel) kan ní Kútọnu ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fi fíìmù hàn lọ́jọ́ Ẹtì. O wá ń béèrè bóyá owó ọkọ̀ rẹ ò ní wọgbó. Àwọn kan ti ní kí o jókòó sílé kí o máa wo YouTube. Èmi ò bá wọn sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń lọ sírú ibẹ̀, lónìí iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe láàárín àwọn oníṣòwò Kútọnu àti ti Èkó. Lọ. Àmọ́ má tìtorí fíìmù lọ.

Ìwọ náà mọ bó ṣe rí níbí. Láti sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama, títí dé terminale, kíláàsì ìkẹyìn, ọdún 7 gbáko ni wọ́n fi kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. A mọ verb, a mọ tense, ká kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Faransé ni gbogbo fíìmù Amẹ́ríkà tá a wò dàgbà ń sọ. Kódà fíìmù àwọn ará Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí, Faransé ni wọ́n ń yí i sí kí wọ́n tó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n Canal+. Tí ọmọ Èkó kan bá wá la ẹnu ní ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀, a ó kàn máa wò ó ni. Etí ò gbọ́ ọ rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí mo lọ nìyí: wọ́n á pa iná, wọ́n á fi fíìmù wákàtí méjì hàn, ọ̀rọ̀ Faransé á máa jáde nísàlẹ̀ àwòrán. A ó rẹ́rìn-ín, a ó jẹ gúgúrú, a ó wá zémidjan (ọ̀kadà) lọ sílé. Ojú ń ka Faransé, etí ń sùn lọ fọnfọn. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí ìwọ fẹ́ lọ nìyẹn, fàájì ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Olùkọ́ kan ló dé tó yí i padà. Kò fi odindi fíìmù hàn wá mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Lákọ̀ọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló máa wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà á yọ ọ́, ká tún un wò láìsí ohunkóhun nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀kan, ó wọ kíṣìnì, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé “What did you do?” Olùkọ́ ní kí kálukú kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Arákùnrin Ègùn kan kọ Wodjadou, ó ní orúkọ ìyàwó ni! Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ ọ ju tirẹ̀ lọ. Olùkọ́ wá tẹ̀ ẹ́ léraléra títí tí “did” àti “you” fi yọ jáde níbi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra sí.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ìyókù mì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, a kì í tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Etí Yorùbá á wá máa dúró de ohun tí kò ní dé. A rí èrè níbòmíràn ṣá: “h” tó máa ń dí àwọn elédè Faransé lọ́wọ́, ó wà lẹ́nu wa láti kékeré. Ìparí ọ̀rọ̀ ló yẹ kí o ṣọ́, torí a ò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì dá dúró níbẹ̀, a ó wá fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn.

Ẹni tó kọ́kọ́ yege nínú wa kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Dantokpa ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò sì dá a dúró. Bí fíìmù bá ti tán, tí wọ́n ní ká pín ara wa sí mẹ́ta-mẹ́ta ká sọ ohun tá a rí, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn oníbàárà tó ń ti Èkó wá rajà lọ́dọ̀ òun ò ní dúró kóun tó rántí grammar. Àwọn tó gba máàkì tó dára jù nílé ìwé ni wọ́n ń fẹ̀yìn ti ògiri. Àkókò ọ̀rọ̀ sísọ yẹn, lẹ́yìn fíìmù, ni mo ń torí rẹ̀ san owó ọkọ̀.

Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa fún ọ, fi í sínú fáìlì rẹ, má fi gbé ọkàn lé yunifásítì òkèèrè. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì bíi TOEFL tàbí IELTS ni wọ́n máa bi ọ́ níbẹ̀, ọdún 2 péré sì ni èsì rẹ̀ fi ń wúlò. Fún iṣẹ́ Èkó, ẹnu rẹ ni wọ́n máa gbọ́.

Ní àárín ọ̀sẹ̀, wá àwọn ètò àtijọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́ (Special English) tí VOA, rédíò ìjọba Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,500 ni wọ́n lò nínú wọn, wọ́n sì rọra sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, yí rédíò rẹ sí ilé iṣẹ́ Nàìjíríà tó bá wọlé sí Àjàṣẹ́, torí Gẹ̀ẹ́sì Èkó ò jọ ti Amẹ́ríkà, ti Èkó lo sì nílò. Pijin á yọ sí i, jẹ́ kó yọ.

Kí o tó wọkọ̀, pè wọ́n: ṣé ọ̀rọ̀ sísọ wà lẹ́yìn fíìmù, àbí fíìmù nìkan ni? Tó bá jẹ́ fíìmù nìkan, English Club kan ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀ yẹn á ṣe ọ́ láǹfààní jù ú lọ. Tó bá wà, mú káàdì ìdánimọ̀ dání, tètè dé, má gbé báàgì ńlá, wọ́n á tú u ní gèètì. Má sì bá àwọn ará Àjàṣẹ́ jókòó pọ̀, Yorùbá àti Ègùn lẹ ó sọ títí iná á fi tàn.