CRP tó dára lánàá: ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì

Màmá tuntun, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ ní èsì CRP ọmọ yín (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí kòkòrò bá wọ ara) dára lánàá, síbẹ̀ wọ́n tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lónìí, ẹ wá ń bi wá bóyá owó yín ni wọ́n fẹ́ jẹ. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Àkúrẹ́ níbí lèmi náà bí sí. Omirá mi ti bẹ́ tipẹ́ kí n tó bí ọmọkùnrin mi. Kò mu ọmú, ara rẹ̀ sì tutù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, CRP rẹ̀ kò tó 10 mg/L, ìyẹn ni pé ó dára. Ìyá ọkọ mi ti ń di ẹrù, wọ́n ti ń múra ìkómọ ní Òkè-Àró. Dókítà ò gbà. Ó ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe nǹkan tí wọ́n ń wọ̀n yẹn, àti pé bí kòkòrò bá wọ ara, ó lè tó wákàtí 6 sí 12 kó tó gbéra, kó sì tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó ga tán. Nígbà tí wọ́n tún un gbà lọ́jọ́ kejì, ó ti fò kọjá 40. A dúpẹ́ pé wọn ò dúró de nọ́ńbà kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ampicillin àti gentamicin tó ń pa kòkòrò.

Kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kan tí wọ́n máa gbìn ní lábù, kí wọ́n wo ohun tó máa hù. Ọkọ mi ló gbé e gun ọ̀kadà lọ sí Alágbàká. Èyí ló ń dárúkọ kòkòrò gan-an, àmọ́ ó ń gbà tó ọjọ́ méjì.

Ẹ má jẹ́ kí CRP tó ga nìkan já yín láyà o. Ìrọbí tó pẹ́, ọmọ tí kò tètè mí, tàbí èyí tó fa ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, gbogbo wọn lè gbé e sókè láìsí kòkòrò. Procalcitonin, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n fi ń wá kòkòrò, máa ń yára ju CRP lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ga fúnra rẹ̀ lára ìkókó tó le koko ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Ẹ bi wọ́n wákàtí tí wọ́n gba ti àkọ́kọ́. Bí ẹlẹ́ẹ̀kejì náà bá wálẹ̀, tí ìgò ò hu nǹkan kan, tí ọmọ sì ń mu ọmú dáadáa, ẹ lè bi dókítà nígbà tí abẹ́rẹ́ máa dúró. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọmú, tàbí tí àyà rẹ̀ ń jìn wọlé bó ṣe ń mí, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, èsì ì báà dára.