Kó má buwọ́ lu ìwé kankan kí lọ́yà tó dé

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní láti alẹ́ àná ni àbúrò yín ọkùnrin ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, pé IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ rẹ̀, ní kó tètè kọ statement kí wọ́n lè fi í sílẹ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá kó kọ ọ́ tàbí kó dúró de lọ́yà. Kó dúró. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, fún un láyè láti panu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀, tàbí ẹlòmíì tó bá fúnra rẹ̀ yàn. Tó bá dárúkọ yín, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí i. Wọ́n lè sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbà.

Ohun tí ojú àbúrò tèmi rí ló ń jẹ́ kí n pariwo. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta la ti ń ta àdìrẹ, ìsọ̀ ni wọ́n ti wá gbé e. Wọ́n ní àwọn kan já ọ̀kadà gbà lọ́nà Láfẹ́nwá, òun náà wà lára wọn. Nígbà tí mo mú lọ́yà débẹ̀, wọ́n ní kí àwa méjèèjì jókòó síta, ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Inú yàrá ẹ̀yìn káńtà ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, wọ́n ti tẹ ìkìlọ̀ sí i lókè pé kò pọn dandan kó sọ ohunkóhun, àti pé ohun tó bá sọ lè di ẹ̀rí ní kọ́ọ̀tù. Wọn ò kà á sí i létí. Wọ́n kàn nàka sábẹ́ ìkìlọ̀ náà pé kó buwọ́ lù ú níbẹ̀. Ó buwọ́ lù ú nígbà tí wọn ò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí ìyókù ìwé náà. Yorùbá ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni IPO ń kọ. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ ọ́ tán, ìwé ti ń sọ pé òun ló gun ọ̀kadà náà sá lọ. Ẹni tí kò mọ ọ̀kadà gùn rí! Ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú un lọ síwájú ọ̀gá kan, ìyẹn ní ṣé òun ló ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yìí. Ẹni tí wọ́n fi igi na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́jú, kí ni kó sọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá náà buwọ́ lù ú.

Ìwé yẹn ló sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ìdigunjalè ni wọ́n kọ sí i lọ́rùn, ẹ̀sùn tí májísíréètì ò lágbára láti gbọ́, ni wọ́n bá ní kó lọ máa dúró lọ́gbà ẹ̀wọ̀n kí fáìlì fi lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Mo lọ béèrè títí ó fi sú mi. Ọ́fíìsì yìí ní ọ̀hún ló wà, ọ̀hún ní àwọn ò rí i. Àwọn tó kàwé, tí wọ́n ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ yìí, wọ́n ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ bí ìwé tó já sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà sílẹ̀ bí ẹ̀rí gan-an ni lọ́yà wa dìde pé wọ́n fipá gbà á ni. Adájọ́ dá ẹjọ́ gidi dúró ná, ó gbọ́ ti ìwé yẹn lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní trial within trial. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọn ò fipá mú un. Wọn ò rí i ṣe, ìwé náà ò wọlé, kò sì sí ẹ̀rí míì. Àmọ́ ọjọ́ yẹn náà lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ o, ìwé tó bá ti wọlé tán kì í rọrùn láti yọ. Ẹ sì jẹ́ kó yé lọ́yà yín: "wọ́n fipá gbà á" yàtọ̀ sí "èmi kọ́ ni mo sọ ọ́." Tó bá jẹ́ ìkejì lẹ sọ, adájọ́ á gbà á wọlé, á wá wò ó níkẹyìn bóyá kóun gbà á gbọ́. Lọ́yà tí a kọ́kọ́ gbà ò mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ìyẹn náà tún nìyẹn: àwọn lọ́yà tí wọ́n ń pè ní charge-and-bail, tó ń dúró lẹ́nu géètì kọ́ọ̀tù wá iṣẹ́, ẹ sá fún wọn. Tówó ò bá sí, ẹ lọ bá Legal Aid Council, wọ́n ń gbẹjọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Ẹ má sanwó béèlì ní àgọ́, ọ̀fẹ́ ni.

Ti àwọn méjìlá tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà tí ẹ béèrè, kò sí níbí. Adájọ́ nìkan ló ń gbọ́, òun náà ló ń dá a. Kọ́ọ̀tù pọ̀ nítòsí l'Abẹ́òkúta, torí náà ọjọ́ kan péré ni òfin fún àwọn ọlọ́pàá láti gbé àbúrò yín débẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un ní béèlì, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ẹ ò sì sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ẹ tètè kọ ọ́ síbí.