Wọ́n ní ìdánwò ń mú ìgbàgbọ́ lágbára, kí ló dé tí tèmi ń kú lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá lẹ́yìn àìsàn kíndìnrín tó gbé e dè fún ìgbà pípẹ́, owó ọjà mi sì bá owó ọsibítù lọ. A gbààwẹ̀, a ṣe àìsùn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló gbàdúrà. Ní báyìí tí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi. Àwọn ará ìjọ ń sọ pé Ọlọ́run fẹ́ fi èyí mú ìgbàgbọ́ mi lágbára ni, àmọ́ èmi mọ̀ pé ṣe ló ń kú lọ. Ọmọ mi obìnrin bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà tá a gbà fún dádì òun ni, mi ò sì rí nǹkan sọ. Ẹ jọ̀ọ́ pásítọ̀, ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ni kí n máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ara fẹ́ra kù, arábìnrin mi. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ náà.

Ìyà fúnra ẹ̀ kì í mú ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni lágbára. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ tí mo ń ṣe yìí mo ti rí ẹni tí ìyà jẹ tó wá sún mọ́ Ọlọ́run ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì ti rí ẹni tí irú ìyà kan náà jẹ tí ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jésù sétí mọ́, ìyà kan náà ni o, ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ nígbà yẹn àti àwọn tó dúró tì wọ́n. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ikú ọkọ yín ló máa sọ yín di alágbára, ẹ má jẹ́ kọ́rọ̀ náà wọ̀ yín lára. Ikú ò dáa. Bíbélì gan-an pè é ní ọ̀tá.

Ibi tí wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀ yẹn ni Róòmù 5, pé wàhálà ń ṣiṣẹ́ sùúrù, sùúrù ń ṣiṣẹ́ ìrírí, ìrírí ń ṣiṣẹ́ ìrètí. Òótọ́ ni, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, Pọ́ọ̀lù ò fò láti wàhálà bọ́ sí ìrètí lẹ́ẹ̀kan náà, sùúrù ló kọ́kọ́ bá pàdé, sùúrù ọ̀hún sì máa ń gba àkókò. Ẹ tún ṣí 2 Kọ́ríńtì orí kìíní, ẹ kà á láti ẹsẹ 8. Níbẹ̀ ló ti ní ohun tójú àwọn rí ní Éṣíà wúwo ju agbára àwọn lọ débi pé àwọn ò tiẹ̀ rò pé àwọn máa yè é mọ́. Pọ́ọ̀lù ni o, kì í ṣe ẹni tó gba Jésù lánàá. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ ohun tíyà ọ̀hún ṣe fún wọn, pé ó jẹ́ káwọn ṣíwọ́ gbígbára lé ara àwọn, káwọn gbára lé Ọlọ́run tó ń jí òkú dìde, ó sì sọ fáwọn ará Kọ́ríńtì pé àdúrà tiwọn náà wà lára ohun tó ran àwọn lọ́wọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ìgbàgbọ́ méjì tó lọ́ mọ́ra wọn láìmọ̀, ọ̀kan ni ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, èkejì ni ìgbàgbọ́ nínú àdéhùn tá a fọwọ́ ara wa ṣe, pé tí mo bá gbààwẹ̀ tó, tí mo san ìdá mẹ́wàá, tí mo wá sí àìsùn, nǹkan báyìí ò ní ṣẹlẹ̀ sí mi. Tí nǹkan náà bá wá ṣẹlẹ̀, àdéhùn yẹn á já, á dun èèyàn dọ́kàn, á sì dà bíi pé gbogbo ẹ̀ ló kú. Mo rò pé èyí tó ń kú lọ lọ́wọ́ yín ni àdéhùn yẹn. Ẹni tí ìgbàgbọ́ ẹ̀ ti kú pátá kì í kọ irú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan wá tí gbogbo wa mọ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, lọ́nà Ìsẹ́yìn, ọmọdé ṣì ni, wọ́n kó òun àti ìyá ẹ̀ pa pọ̀, ìgbà tó yá wọ́n yà wọ́n nípa, wọ́n ń tà á látọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíì, wọ́n tiẹ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ pọ̀ débi tóun fi gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun. Lọ́dún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí l'Ékòó, ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n gbé wọn lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi lọ́dún 1825. Ọdún 1837 ló wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan pé ọjọ́ tí wọ́n kó òun lẹ́rú, ọjọ́ burúkú ni, àmọ́ òun ti wá kọ́ láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún láwọn ọ̀nà míì. Ẹ wo àlàfo yẹn, ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sẹ́ni tó dúró tì í níbi tí wọ́n dè é mọ́ tó ń sọ fún un pé kó pè é ní ìbùkún, òun ló sọ ọ́ fúnra ẹ̀ nígbà tó lè sọ ọ́. Ọdún 1846 ló tó fojú kan ìyá ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Òun yìí kan náà ló sì túmọ̀ Róòmù sí Yorùbá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1850, torí náà ẹni tó fi "wàhálà ń ṣiṣẹ́ sùúrù" sí wa lẹ́nu, ẹni tí wọ́n ti tà rí ni. Ìyà ò sì dópin síbẹ̀ fún un, nígbà tó ti darúgbó, lọ́dún 1890, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ kan nínú iṣẹ́ míṣọ̀n fojú ẹ̀ gbolẹ̀ l'Ónítṣà, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, ó sì kú ní ìparí ọdún 1891. Ìgbàgbọ́ tó lágbára ò ní kí ìyà má padà wá, mi ò ní purọ́ ìyẹn fún yín.

Ó yá, kí lẹ máa ṣe? Ẹ fi àdúrà gígùn sílẹ̀ ná. Ẹ ka Sáàmù 13 sókè, níbi tí Dáfídì ti ń bi Ọlọ́run pé títí dìgbà wo ló máa gbàgbé òun, lọ́jọ́ tó bá tún le jùyẹn ẹ ka Sáàmù 88, inú òkùnkùn ni sáàmù yẹn parí sí, wọ́n sì fi í sínú Bíbélì bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tínú bá ń bí yín sí Ọlọ́run, ẹ sọ ọ́ fún un, Jóòbù sọ jùyẹn lọ, nígbà tọ́rọ̀ sì parí, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí. (Ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe dáadáa.) Tẹ́ ò bá lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jókòó, káwọn tó kù máa kọ ọ́. Ẹ wá obìnrin kan tàbí méjì tí kì í wàásù fún yín, ẹ ní kí wọ́n máa wá gbàdúrà lọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ̀yin kàn máa ṣe àmín. Ẹ sì jẹ́ kí ìjọ mọ̀ nípa owó ọjà yẹn àti school fees, torí ojúṣe ìjọ ni láti tọ́jú opó, kì í ṣe ojú àánú lásán. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ wá fowó gbin irúgbìn kí nǹkan lè yí padà, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Tí oorun bá ti dá, tí oúnjẹ ò lọ mọ́, tàbí tó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kúkú má sí láyé, ẹ pe ẹnì kan lónìí, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà. Èlíjà náà sọ fún Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun, ó sùn lọ, áńgẹ́lì wá jí i pé kó jẹun, kò bá a wí.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má wá àlàyé tó dùn létí fún un. Ẹ sọ fún un pé Ọlọ́run gbọ́, pé màmá ò mọ ìdí tí kò fi rí bá a ṣe fẹ́, pé ó ń dun màmá náà. Ẹ sọ ti Jésù ní Gẹ́tísémánì fún un, bó ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí ife yẹn ré òun kọjá, tí kò sì ré e kọjá. Tó bá tún bi yín ní ìbéèrè míì tẹ́ ò mọ̀ dáhùn, ẹ ní kó fẹnu ara ẹ̀ bi Ọlọ́run, kẹ́ ẹ jókòó tì í bó ṣe ń bi í.