Ìròyìn ọjà láàárọ̀ kùtù: kí lò ń wá níbẹ̀ gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ owó ni mò ń ṣe, èmi ni mo máa ń yẹ ìwé ìṣirò àwọn ilé iṣẹ́ wò kí àwọn ọ̀gá mi tó dáwó lé wọn. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ mo ti ka ìròyìn ọjà tán lórí fóònù, ṣíà tó gòkè, èyí tó wálẹ̀, báńkì tó ń yọ òṣìṣẹ́, AI tuntun tó jáde, tí n bá fi máa dé ọ́fíìsì orí mi ti gbóná. AI tí wọ́n wá gbé fún wa níbi iṣẹ́ yìí, ìwé tí mò ń fi odidi ọjọ́ kà, kí n tó mu omi tán ó ti sọ kókó inú ẹ̀. Ṣé kí n ṣì máa jí ka ìròyìn yìí ni àbí kí n kúkú lọ kọ́ṣẹ́ mìíì? Èmi, ẹni tí oorun ò kùn mọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, oorun á padà wá, jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìròyìn. Tó bá jẹ́ pé torí kó o lè mọ ṣíà tó o máa rà lo ṣe ń kà á, o ti pẹ́, kódà kó o jí láago mẹ́rin o ti pẹ́, torí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń rajà tó ń tajà ti ka ìròyìn yẹn kí ojú ẹ tó là, iye tó máa yí ti yí. Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí náà. Ní 1850, ẹyẹlé ni Paul Julius Reuter, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters sílẹ̀, fi ń gbé iye ọjà láti Brussels lọ sí Aachen, torí wáyà tẹlígíráàfù ò tíì so ìlú méjèèjì pọ̀, ẹyẹlé sì yá ju rélùwéè lọ. Nígbà tí wáyà dé, ẹyẹlé fẹ̀yìn tì (mi ò gbọ́ pé wọ́n fún un ní owó ìfẹ̀yìntì). Eré sísá yẹn ti di ti ẹ̀rọ báyìí, fi sílẹ̀ fún un.

Eré yẹn náà sì láwọn ọjọ́ burúkú tiẹ̀ o. Ní April 2013 àwọn kan já wọ àkáǹtì Twitter ilé iṣẹ́ ìròyìn AP, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ǹbù bú nílé ìjọba Amẹ́ríkà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ Dow Jones, òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ṣíà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ṣe ń lọ, já wálẹ̀ ní nǹkan bíi 140 póìǹtì kó tó padà sókè, irọ́ sì ni. Ẹni tó dúró béèrè pé ta ló tún sọ ọ́, kò tà nínú ìpayà.

Ohun tó yẹ kó o máa wá nínú ìròyìn ni ìbéèrè tó o máa gbé lọ sídìí ìwé ìṣirò. Wo ọ̀rọ̀ AI yìí fúnra ẹ̀, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé ilé iṣẹ́ báyìí ra ẹ̀rọ, èrè ẹ̀ sì ń gòkè. Ó dáa, ọdún mélòó ni wọ́n ní ẹ̀rọ náà máa lò? Ní 2023, Alphabet tó ni Google sún ọdún tí wọ́n fi ń pín iye owó sáfà wọn (àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé iṣẹ́ wọn) láti 4 sí 6, ìyẹn ni pé owó tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún torí pé ẹ̀rọ ń gbó dínkù, èrè orí ìwé gòkè láì jẹ́ pé oníbàárà kankan san owó lé e. Nígbà tó di 2025, Amazon gba ọ̀nà mìíì lọ, ó dín ti àwọn sáfà kan kù láti ọdún 6 sí 5, ó ní AI ń yára yí nǹkan padà jù. Kò sẹ́ni tó rú òfin níbẹ̀. Àmọ́ tó o bá bi AI ọ́fíìsì yín pé báwo lèrè ṣe rí, á sọ fún ẹ pé ó gòkè, á sì dákẹ́, àyàfi tó o bá mọ̀ pé ó yẹ kó o béèrè ọdún sáfà. Kí lo máa fi mọ̀? Ìròyìn tó o fara balẹ̀ kà náà ni.

Ti iṣẹ́ ẹ, mi ò ní tàn ẹ́. Lẹ́yìn tí VisiCalc, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó ṣáájú irú Excel, jáde ní 1979, àwọn akọ̀wé tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà ro nǹkan pọ̀ niṣẹ́ wọn dínkù, àwọn tó ń béèrè pé "tí iye yìí bá yí ńkọ́" sì pọ̀ sí i. Apá iṣẹ́ ẹ tó jẹ́ kíkó kókó ìwé jọ nìkan, ó ti ń lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn máa ń hùmọ̀ iye tí kò sí níbì kankan, ó sì máa ń fi ìdánilójú sọ ọ́, orúkọ tìẹ ló sì wà lábẹ́ ìwé tí ọ̀gá ẹ fẹ́ fi dáwó lé nǹkan. Má kọ́ṣẹ́ mìíì. Ka ìròyìn lẹ́yìn tó o bá ti jẹun, ní ọ́fíìsì, kí ìwé ìṣirò wà níwájú ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè kó ìwé ilé iṣẹ́ wa sínú AI ọ̀fẹ́ orí fóònù mi kó bá mi ṣe ìròyìn ìparí oṣù?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Iye tí ilé iṣẹ́ ò tíì kéde kì í ṣe tìẹ láti gbé síta, o ò sì mọ ibi tó máa dé. Béèrè èyí tí ọ́fíìsì yín fọwọ́ sí, tí kò bá sí, Excel ṣì wà.